Kí ló dé tí wọn ò ta lọ́fíńdà nínú bàálù mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Tẹ́lẹ̀, táa bá wọ bàálù Delta láti Èkó lọ Atlanta ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà kọjá, lọ́fíńdà, ọtí, ṣokoléètì, ọjà tí ò ní owó orí. Mi ò rí i mọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ́n ti pa á tì ni o. Delta jáwọ́ ní 2014, American, iléeṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà míì, tẹ̀lé e ní 2015. Ó dun èmi náà, torí ibẹ̀ lẹni tó sáré dé èápọ́ọ̀tù ti ń rí nǹkan rà fáwọn ará ilé, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ti kún èápọ́ọ̀tù báyìí, èèyàn á sì ti yẹ iye ọjà wò lórí fóònù kó tó kúrò nílé, bẹ́ẹ̀ àwọn ìgò yẹn wúwo, epo ni bàálù ń jó láti gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ bẹ́nikẹ́ni ò tiẹ̀ rà wọ́n.

Ẹ ra tiyín ní èápọ́ọ̀tù kẹ́ẹ tó wọlé. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá máa wọ bàálù míì ní Atlanta, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ẹ bá ti gba ẹrù yín níbẹ̀, ẹ ki ìgò ọtí yẹn sínú báàgì ńlá kẹ́ẹ tó dá a padà fún wọn, torí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín níbi àyẹ̀wò. Lítà 1 ọtí péré ni wọ́n ń gbà wọ Amẹ́ríkà láìsan owó orí, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 21 ni.