Èsì: Fíìmù 400 fún àwòrán ìgboro ní dúdú àti funfun

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé fíìmù 400 (nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) lè ya ìgboro láti ọ̀sán dé alẹ́, àti pé àwọn èèyàn ti ń kọjá lọ kí ẹ tó yí lẹ́ńsì tán kí wọ́n lè hàn kedere.

Ó tó dáadáa. Ilford HP5 Plus tàbí Kodak Tri-X ni kí ẹ mú. Nínú oòrùn gangan, ẹ lo f/16 (ìwọ̀n ojú ihò lẹ́ńsì; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí ni ihò ṣe ń fẹ̀ sí) pẹ̀lú 1/500 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé). Lábẹ́ òjìji, ẹ ṣí i sí f/5.6. Bí ẹ bá fẹ́ yà á lálẹ́, ẹ yí nọ́ńbà fíìmù lórí kámẹ́rà sí 1600 dípò 400 láti àwòrán àkọ́kọ́ títí fíìmù yóò fi tán, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́, torí yóò pẹ́ díẹ̀ sí i nínú oògùn. Ibi òkùnkùn yóò dúdú bọ̀lọ̀jọ̀; èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti lẹ́ńsì, ẹ má yí i lójú ẹsẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì 35mm, tó ń rí ibi tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i sí ohun tó jìnnà ní mítà 3, ní f/8, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ohun tó wà láàárín nǹkan bíi mítà 2 sí 7 yóò hàn kedere. Ẹ ṣáà máa wo ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe àwọ̀, torí aṣọ pupa àti ewé tútù lè di àwọ̀ eérú kan náà nínú àwòrán.