Ọ̀sẹ̀ tó burú jù ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò

Ẹ béèrè pé bí iná tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa mú wá lọ́dún bá ti tó èyí tí àwọn èèyàn máa lò, tí bátìrì sì lè gbé ẹrù ọjọ́ kan, ìyẹn iná tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ kan, ṣé ó ti parí nìyẹn? Kò tíì parí o. Irú ìṣirò yẹn gan-an ni mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ iná àdádó, ìyẹn iná tí kò so mọ́ wáyà ńlá ìlú, lé mi lọ́wọ́.

Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba. Àfi ìgbà tí ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, tí afẹ́fẹ́ náà ò fẹ́. Bátìrì ti gbẹ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àmọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún ló dùn mí jù. Oòrùn yọ, ó ń ta yẹ̀ẹ̀ lórí páànẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ iná ò dé. Irú inverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná páànẹ́ẹ̀lì àti bátìrì di irú èyí tí à ń lò nílé) tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí iná lórí wáyà kó tó lè tẹ̀ lé e ni mo rà. Bátìrì ti kú, jẹnẹrétọ̀ ò sí, kí ló fẹ́ tẹ̀ lé? Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: bí gbogbo rẹ̀ bá kú, èwo ló máa dá 50 Hz sílẹ̀, ìyẹn ìlù àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí iná ń tẹ̀ lé, fún àwọn yòókù?

Àwọn ètò iná ńlá náà ti kàgbákò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ìjì wó àwọn òpó iná ńláńlá ní South Australia, ìpínlẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Fóltéèjì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa o, ṣùgbọ́n ètò ààbò inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná níbẹ̀ ní kí wọ́n dín agbára kù bí fóltéèjì bá já ju iye ìgbà kan lọ. Iná tó tó 456 MW (mẹ́gáwáàtì) pòórá kí ìṣẹ́jú àáyá méje tó pé. Wáyà tó so wọ́n mọ́ Victoria, ìpínlẹ̀ tó múlé tì wọ́n, ò lè gbé ẹrù tó já lé e, ó gé ara rẹ̀ kúrò, ìpínlẹ̀ náà sì wọ òkùnkùn.

Nítorí náà, ẹ wá àkọsílẹ̀ oòrùn àti afẹ́fẹ́ ní wákàtí-wákàtí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ wá ọ̀sẹ̀ tó burú jù nínú rẹ̀. Ẹ má fi bátìrì nìkan dí àlàfo yẹn, owó rẹ̀ á pa yín. Èmi fi páànẹ́ẹ̀lì kún un, mo gba jẹnẹrétọ̀ kékeré kan fún ọjọ́ díẹ̀ yẹn, mo sì ya ẹrù sọ́tọ̀: fíríìjì oògùn ò gbọ́dọ̀ kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì lè dúró de oòrùn.