Ẹ Bi Wá: Wáyà iná ńlá nínú igbó ọba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ sọ wáyà iná 132kV (kV ni wọ́n fi ń ka bí iná orí wáyà ṣe lágbára tó) tó gba inú igbó ọba lẹ́yìn oko wa di 330kV. Wọ́n ní àwọn ò ní gé igi kankan. Ṣé òótọ́ ni? Òǹkàwé, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Mítà 30 ni ìbú ojú ọ̀nà wáyà 132kV, ìyẹn ilẹ̀ abẹ́ wáyà tí wọ́n máa ń gé igi kúrò. Ti 330kV jẹ́ mítà 50. Nínú kìlómítà kan, igbó hẹ́kítà 2 ló tún máa lọ sí i. Tó bá jẹ́ wáyà nìkan ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ lórí òpó àtijọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Òfin àyẹ̀wò àyíká (EIA), tó ní kí wọ́n yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe sí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ti wà láti 1992. Wọn a máa pàtẹ àbọ̀ àyẹ̀wò fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á. Ẹ kọ àtakò yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ wò ó nínú àbọ̀ náà: ṣé wọ́n yẹ odò wò lẹ́ẹ̀rùn àti lójò? Ẹni tó wá ní oṣù kejì nìkan kò lè mọ ibi tí ọ̀gbàrá oṣù kẹsàn-án ń gbà. Ọ̀nà tí katakata máa gbà wọlé ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń fo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ṣí igbó sílẹ̀ fún àwọn agégẹdú.