Má Jẹ́ Kí Ẹrù Ọdún Sùn Sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní èèyàn mẹ́sàn-án nínú ẹbí ọkọ rẹ ló ń bọ̀ wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ yín n'Íbàdàn, yàrá mẹ́ta péré lẹ sì ní. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé kí ọdún tó tán, ilé á ti dà bí ọjà Bódìjà, orí ìwọ fúnra rẹ á sì gbóná. Kì í ṣe pé o ò fẹ́ràn èèyàn. Ó ti ṣe èmi náà rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kí tìrẹ má baà rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, èèyàn mẹ́jọ ló wá bá wa ṣọdún. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ra àpò ìrẹsì méjì, wọ́n tún fi ọ̀kan ta á lọ́rẹ níbi iṣẹ́. Gálọ́ọ̀nù òróró wà nílẹ̀, páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ga ju ọmọ mi kékeré lọ, ike àti bókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wa níbi ìgbéyàwó méjì nínú oṣù Kẹwàá ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì yọ wọ́n nínú ọ̀rá. Nítorí pé mo fẹ́ kí pálọ̀ mọ́ lójú àlejò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sí, mo tò ó mọ́ ògiri, mo fi aṣọ bò ó. Mo rò pé mo ti tún ilé ṣe.

Lóru ọjọ́ 23, ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n fẹ́ lọ tọ̀. Wọ́n ti múná lọ, òkùnkùn biribiri. Ẹsẹ̀ wọn kọ àpò ìrẹsì, wọ́n fọwọ́ tilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ọrùn ọwọ́ wọn sì kán. Inú ilé ìwòsàn la ti gbọ́ agogo Kérésì lọ́dún yẹn. Mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe pe orúkọ mi nínú òkùnkùn. Wọn ò bá mi wí o, títí dòní. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé àlejò kì í fún ilé pa bí ẹrù ṣe ń fún un pa. Ilé tí wọ́n bí mi sí l'Ọ́yọ̀ọ́ ń gba èèyàn ju mẹ́sàn-án lọ nígbà ọdún. Ẹní ni wọ́n ń tẹ́ fún wa. Bílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e nàró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yàrá á sì fẹ̀ padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Fóòmù tí à ń rà kún fóòmù báyìí, ta ló lè ká a? Wá ẹní mẹ́rin tàbí márùn-ún fáwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́, kó o fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fáwọn àgbà.

Kí wọ́n tó dé, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹrù kúrò nísinsìnyí. Má dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì, nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹrù tuntun máa ń wọlé. Aṣọ tó ti kéré fáwọn ọmọ, bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀ mọ́, gbé wọn fún ẹni tó máa lò ó kó tó di ọdún, kí òun náà lè rí nǹkan wọ̀. Ní ti bókẹ́ẹ̀tì àti ike òde àríyá, ka iye tí ò ń lò lójúmọ́, kó o to ìyókù sínú ara wọn sí ibì kan ṣoṣo. Má kó wọn dànù. Àwọn ni wàá fi di ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí fáwọn àlejò nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Inú wọn á dùn, ilé rẹ á sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Oúnjẹ náà ń gba àyè o. Tẹ́lẹ̀, kóńgò ìrẹsì mẹ́ta ni mo máa ń sè lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé mi ò fẹ́ kójú tì mí pé oúnjẹ kò tó. Firísà á wá kún fún ìrẹsì àná, wọ́n á múná lọ, a ó máa gbóòórùn. Ní báyìí, kóńgò kan àbọ̀ ni mò ń sè fún èèyàn méjìlá, ó sì ń yó wọn. Adìẹ ńkọ́? Ọjà ni mo ti ń ní kí wọ́n bá mi pa á, kí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àkùkọ ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀ á mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ á ti dé nígbà yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń kó eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà kò ní dúró de ìgbà tí àlejò bá lọ. Aṣọ tútù ni kó o máa fi nu nǹkan láàárọ̀, torí ìgbálẹ̀ gbígbẹ kàn ń gbé eruku láti ilẹ̀ lọ sórí tábìlì ni. Kó ọ̀ṣọ́ kéékèèké orí tẹlifíṣọ̀n pamọ́ títí ọyẹ́ á fi lọ.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Jẹ́ kí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ pe àwọn àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Kó sọ fún wọn pé báàgì kọ̀ọ̀kan ni kí kálukú gbé wá, kí wọ́n mú aṣọ ìbora lọ́wọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa pa jẹnẹrétọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò sì máa fọ abọ́. Bí ìwọ ìyàwó bá sọ ọ́, wọ́n á ní o ò fẹ́ rí ẹbí. Bó bá ti ẹnu ọmọ wọn jáde, ètò ilé ni. Tìrẹ ni kó o kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa nígbà tí wọ́n bá dé. Yàrá tìwọ àti ọkọ rẹ, má jẹ́ kí Ghana Must Go ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Ó yẹ kí ibì kan wà tó o lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kó o jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó padà sí ìdí àdògán.

Fi iná sólà kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa tàn mọ́jú. Ìyá ọkọ mi ló ra tiwa lọ́dún 2018, àwọn náà ló sì ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé báàgì sílẹ̀ níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ọkọ mi, wọ́n á pe orúkọ onítọ̀hún kó wá gbé e.

Ó ku ti abọ́ àwọn aládùúgbò. Àwọn Mùsùlùmí ìtòsí wa máa ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa, àwa náà á sì gbé ìrẹsì Kérésì lọ fún wọn, abọ́ á wá dàpọ̀ mọ́ abọ́. Nínú abọ́ tiwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ ni kó o bu ìrẹsì náà sí. Èyí tó bá ṣì kù, rán ọmọ lọ dá a padà ní ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní, kí wọ́n tó wọlé ẹ̀kọ́ padà.