Ṣé Kí N Tún Ra Fọ́tò Sí I?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Télọ̀ ni mí ní Lágéré, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú àwọn méjì tó ti ṣe fíríìdọ̀mù tí wọ́n ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í dá sítáìlì kankan rò. Bí oníbàárà bá ti gbé aṣọ wá, fóònù ni wọ́n á kọ́kọ́ fà yọ. Ẹnìkan sọ pé ṣọ́ọ̀bù mi ló gbẹ jù, pé kí n fi iṣẹ́ ọnà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ọpọlọ wọn á jí. Mo ra fọ́tò onígíláàsì mẹ́ta: òdòdó, omi tó ń já lórí àpáta, àti kìnnìún. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, bákan náà ni wọ́n rí. Ṣé kí n tún ra sí i ni, àbí mo ti fi owó ṣòfò?
Ìyá Ìbejì, Lágéré

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má rà á mọ́. Kí ni kìnnìún fẹ́ sọ fún ẹni tó ń gé bùbá?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá wa fi páálí dí gbogbo fèrèsé. Kálẹ́ńdà èṣí nìkan ló wà lára ògiri. Káàdì ìgbéyàwó tí a ń tẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: àdàbà méjì, òrùka méjì. Ẹni tó bá ní ká yí i padà, ọ̀gá á ní, "Àdàbà ni wọ́n mọ̀." Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rọ ṣe ségesège, àwọ̀ pupa gun orí àwọ̀ aró, ìwé tó lé ní igba bàjẹ́. Owó oṣù wa ni ọ̀gá ti yọ ọ́. Ìbínú ni mo fi lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri, kí òun náà lè máa rí ohun tó jẹ owó wa. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó: ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé yìí mà dára o! Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ tiwọn. Nígbà tó yá, oníbàárà kan wọlé, ó nawọ́ sí ìwé bíbàjẹ́ yẹn, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ fún èèpo ìwé ètò ìsìnkú bàbá òun. Bí àdàbà ṣe rí ìsinmi nìyẹn.

Ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ yín bá ṣe ni kẹ́ ẹ gbé sójú wọn. Àjákù àǹkárá, léèsì àti aṣọ òkè ò lè wọ́n yín. Ẹ yọ̀ǹda ògiri kan, kí ẹni tó bá wù máa fi àjákù to ohun tó bá rò síbẹ̀, kẹ́ ẹ má sì dá sí i, kódà bí kò bá wù yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé ẹ mọ àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè níbí? Bí ọdún bá ti ń sún mọ́, wọ́n á tún ògiri yẹn kùn lákọ̀tun. Ti èṣí kì í ṣe tọdún yìí. Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé àwọn ọmọ yín ò rántí ibi tí kìnnìún yẹn kọjú sí mọ́.

Àmọ́, ṣé jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló wà lábẹ́ fèrèsé yín? Ẹni tí èéfín ń ta lójú kì í ronú sítáìlì. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ lọ wo ilé Humanities ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, yà láwọn ọdún 1960. Òkè rẹ̀ yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, àjà kan ń ṣíji bo èkejì, oòrùn àti òjò ò rọ́nà wọlé, atẹ́gùn sì ń kọjá. Apá télọ̀ ò ká ìyẹn, ṣùgbọ́n páànù méjì lórí fèrèsé ò le jù. Ẹ wá sún tábìlì ìgé aṣọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí àwọn maṣíìnì tó kọjú sí ògiri padà.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò bá pọ̀, ẹ kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ ní kí wọ́n wo àwọn ère orí Ifẹ̀ àtijọ́ tó ní ìlà tóóró lójú, bí ìlà yẹn ṣe ń tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí pílíìtì tó mọ ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì rí ibi tí ilẹ̀ àpáàdì àtijọ́ ti hàn síta, ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n to àpáàdì lé etí, ọ̀kan dagun sọ́tùn-ún, èkejì sósì, bí ẹní tí wọ́n hun. Àfọ́kù ìkòkò mà ni! Àjákù ni tiwọn náà.

Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ wọn o. Mo mọ ọ̀gá tó dán an wò. Ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ti ń lọ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí i ṣáà kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya tirẹ̀ sórí páálí.

Férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ṣì wúlò. Ẹ yọ kìnnìún àti omi kúrò, kẹ́ ẹ fi àjákù tó bá dùn mọ́ wọn jù lóṣù yìí sí i. Ẹ gbé òdòdó lọ sílé fún àwọn ìbejì.