Bí o kò bá rí ẹtu, má tíì kọ ọ́ pé ẹtu ti tán

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lo ti ń rin igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, o kò fojú kan ẹtu kan ṣoṣo, ọ̀gá rẹ sì ní kí o kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pé ẹtu ti tán níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má kọ ọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú igbó yẹn, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, mo sì mọ ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́.

Igbó Omo ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Igi gmelina tí wọ́n gbìn gba apá kan, oko kòkó gba òmíràn, ibi tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn kò ju 460 hẹ́kítà lọ. Ẹtu tó ń gbé nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń sá fún èèyàn. Ẹran kékeré ni, kò wúwo ju bíi kílò mẹ́wàá lọ, òun nìkan tàbí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ló ń rìn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ ń ké lábẹ́ bàtà rẹ, ẹtu ti gbọ́ ọ kí o tó dé. Níbi tí ìbọn bá sì ti ń dún lóròòru, ẹran á yí àkókò tó fi ń jẹ̀ padà.

Bàbá ọdẹ kan tó máa ń mú mi wọ igbó kì í wá ẹtu kiri. Á jókòó sẹ́yìn igi, á fọwọ́ di imú, á ké bí ẹtu. Mo rí i tí ẹtu jáde sí wa láti inú ìtàkùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́bàá rẹ̀, tí a ti kọ òfo sílẹ̀ fún. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ẹni tó bá sọ fún mi pé ẹran kan kò sí ni pé: báwo lo ṣe wá a?

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ká ní ibì kan wà tí ẹtu ń gbé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé nínú ìrìn mẹ́wàá, mẹ́ta péré ni wàá fi rí òun tàbí àmì rẹ̀. Bí o bá lọ sí 100 irú ibi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, bíi 17 nínú wọn ni wàá kúrò níbẹ̀ láì rí nǹkan kan. Bí o bá lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó kù bíi 6. Nítorí náà, yan ibi pàtó, padà síbẹ̀ léraléra, kí o sì kọ ìrìn òfo sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, bí ojú ọjọ́ ti rí, àti ẹni tó bá ọ lọ. Ìwé tí kò ní òfo nínú kò ṣe é ṣírò.

Kámẹ́rà tó ń dá ya àwòrán á ràn ọ́ lọ́wọ́. So ó mọ́ igi ní ìwọ̀n orúnkún, gé koríko iwájú rẹ̀ kí ewé má baà máa tàn án jẹ. Bí ẹtu bá kọjá lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, má pè é ní ẹtu márùn-ún. Ìgbẹ́ ẹtu náà ṣe é kà, àmọ́ o gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tó ń lò kó tó pòórá, torí pé òjò àti kòkòrò tí ń yí ìgbẹ́ kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Sàmì sí ìgbẹ́ tútù díẹ̀ kí o máa bẹ̀ wọ́n wò.

Ti òkété tí o béèrè rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi ẹyìn sínú pàkúté tó ń mú ẹran láàyè. Bí o bá mú 40, tí o fi nọ́ńbà sí wọn létí, tí o tú wọn sílẹ̀, tí o sì mú 30 lẹ́yìn náà, tí 10 nínú wọn ní nọ́ńbà, 40 lọ́nà 30, pín in sí 10: nǹkan bí 120 ló wà níbẹ̀. Ìṣirò yìí dúró bí òkété kò bá kó wọlé kó jáde láàárín ìgbà méjèèjì, tí àwọn tí o mú rí kò sì bẹ̀rù pàkúté ju àwọn yòókù lọ. Ìyẹn ló ń ṣòro. Wọ ìbọ̀wọ́ o! Àìsàn mpox (tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀) tó dé Amẹ́ríkà ní 2003 bá àwọn eku tí wọ́n kó wá láti Gánà lọ, òkété sì wà lára wọn.

O ní inú oko tí wọ́n pa tì ni ọ̀pọ̀ òkété rẹ ti wá, pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Pàkúté mélòó lo dẹ síbẹ̀, mélòó lo dẹ sínú oko kòkó? Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pàkúté rẹ bá wà nínú oko tí wọ́n pa tì, kò sí nǹkan tuntun nínú pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òkété ti ibẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí o sàmì sí tí o kò rí mọ́: ó lè ti kú, ó sì lè ti kó lọ sí oko ẹlòmíràn. Má ka gbogbo wọn mọ́ òkú.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: àwọn kan wà tó ń wá ìwé tó sọ pé kò sí ẹran mọ́ nínú igbó yẹn, kí wọ́n lè rí ìdí gé gẹdú tó kù. Má bá wọn kọ ọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ohun tí o lè fọwọ́ sí ni pé o wá ẹtu ní ibi báyìí, ní àkókò báyìí, ní ọ̀nà báyìí, o kò sì rí i. Lẹ́yìn náà, dúró de òjò àkọ́rọ̀ kí ewé rọ̀, kí o sì bẹ ọdẹ àgbà kan kó bá ọ jókòó pe ẹtu ní ibi kọ̀ọ̀kan tí o ti rìn.