Kí ló mú kí Spotify, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbilẹ̀ nígbà tí orin ọ̀fẹ́ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì?
Daniel Ek àti Martin Lorentzon ló dá Spotify sílẹ̀ ní ìlú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, ní ọdún 2006, lásìkò tí jíjí orin kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde sì ń pàdánù owó gidi. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n ṣe ohun tó yá ju jíjí orin lọ: bí ènìyàn bá ti tẹ orin tó fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìdúró kó kọ́kọ́ wọlé sórí kọ̀ǹpútà tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìpolówó ọjà láàárín, ẹni tó bá sì ń san owó oṣooṣù bọ́ lọ́wọ́ ìpolówó náà. Lójú tèmi, èyí gan-an ló gbé e ga jù. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ó dé Amẹ́ríkà ní 2011, àmọ́ ó di ọdún 2021 kó tó wọ Nàìjíríà, níbi tí Boomplay, áàpù orin mìíràn tó máa ń bá fóònù Tecno wá, ti fìdí múlẹ̀ ṣáájú rẹ̀.